Ọmọ Tó Gbọ́n Lẹ́nu, Tí Ìwé Ń Dà Láàmú

Gbogbo tíṣà tó ti dúró níwájú kíláàsì kẹta rí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló mọ ọmọ yìí. Bí wọ́n bá ń pàlọ́, òun ló máa kọ́kọ́ rí ibi tí ìtàn ń lọ. Bí wọ́n bá béèrè ìṣirò lẹ́nu, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ka ìka wọn tán, ó ti dáhùn. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí wọ́n ní kí kálukú dìde ka ìlà méjì-méjì: ìtọ̀ á máa gbọ̀n ọ́n, òùngbẹ á máa gbẹ ẹ́, bíró rẹ̀ á já bọ́ sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Nígbà tí kò bá sí ibi ìsásí mọ́, á dìde, á máa sọ ohun tó rántí lẹ́nu ẹni tó kà ṣáájú rẹ̀, ojú rẹ̀ lórí ìwé, ọkàn rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó fẹ́ fi í rẹ́rìn-ín. Kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi sọ ọ́ ní olódo. Bí ilé bá gbọ́, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni, tàbí kí wọ́n ní bọ́ọ̀lù ló gbà á lórí, tàbí kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilé bàbá wo ilé ìyá bóyá ayé ló ń ṣe é.

Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ pé dyslexia ló ń bá a fínra. Ìṣòro àbímọ́ni ni, èyí tó ń mú kí ọ̀rọ̀ inú ìwé nira fún ọmọ láti kà àti láti kọ, bó ti wù kí orí rẹ̀ pé tó, bó sì ti wù kó tẹpá mọ́ṣẹ́ tó. Ohun tí àwọn olùwádìí sábà máa ń sọ ni pé nínú ọmọ 100, ó tó 5 sí 10 tó ní in, gẹ́gẹ́ bí ibi tí kálukú bá fàlà sí. Nínú kíláàsì ọlọ́mọ 40, ẹ retí méjì, mẹ́ta, tàbí mẹ́rin. Ó sì máa ń rìn nínú ìdílé. Olùkọ́ àkànṣe kan sọ fún mi bí òun ṣe máa ń fi ọ̀rọ̀ wá ọ̀rọ̀ lẹ́nu òbí. Ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ wá, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ma. Ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló ti lọ o, kò sí èyí tó gbà á." Olùkọ́ ní, "Ẹ jókòó, Ìyá Fẹ́mi. Nínú ẹ̀yin àti bàbá wọn, ǹjẹ́ ẹnì kan wà tí ìwé kíkà nira fún?" Ìyá kọ́kọ́ dákẹ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Bàbá wọn kì í ka lẹ́tà fúnra wọn. Èmi ni mo máa ń kà á fún wọn." Bàbá yìí ló ń na ọmọ ní alaalẹ́ pé kò fẹ́ kàwé.

Nínú àgbéyẹ̀wò yìí, mo fẹ́ wo ohun tí ayé ti mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí, èyí tó ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ àti èyí tí kò ràn án, àti ibi tí àwa dúró sí. Èrò tèmi ni pé kì í ṣe ìmọ̀ ló wọ́n wa. Ohun tó ń pa àwọn ọmọ wọ̀nyí lára ni pé à ń dúró kí wọ́n kọ́kọ́ kùnà ná, ká tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tó ń ṣe wọ́n. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwa tí à ń sọ Yorùbá ní irinṣẹ́ kan lọ́wọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ní, a kàn gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Láàárín 1880 sí 1890 ni Rudolf Berlin, dókítà ojú ní ìlú Stuttgart ní Jámánì, kọ́kọ́ lo orúkọ náà, dyslexia, fún àwọn àgbàlagbà tí ìwé kíkà sọnù mọ́ lọ́wọ́ nítorí àìsàn ọpọlọ. Ní 1896, William Pringle Morgan, dókítà ní Seaford ní etíkun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ibẹ̀ nípa ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 tó pè ní Percy F. Ara ọmọ náà dá, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, láti kékeré ni wọ́n sì ti gba olùkọ́ fún un. Síbẹ̀, orúkọ ara rẹ̀ gan-an, "Precy" ló kọ ọ́. Wọ́n fún un ní ìṣirò, kó sọ 749 di púpọ̀ nígbà 867, ó sì ṣe é kíá, ó gbà á. Olùkọ́ tó ti ń kọ́ ọ bọ̀ láti ọdún pípẹ́ sọ pé ká ní ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ ni, ọmọ náà ni ìbá gbọ́n jù lọ níbẹ̀. Ó ti lé ní 120 ọdún báyìí tí olùkọ́ náà ti rí ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì fẹ́ rí.

Ojú ni àwọn dókítà ìgbà náà kọ́kọ́ ń wò. Èrò pé ọmọ ń rí lẹ́tà sódì pẹ́ lọ́kàn àwọn ènìyàn, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ìwádìí láti nǹkan bí 1970 síwájú ló yí ọ̀rọ̀ padà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni ti Lynette Bradley àti Peter Bryant ní Oxford, tó jáde ní 1983. Wọ́n kó ọmọ tó lé ní 400 jọ, àwọn ọmọ ọdún 4 àti 5 tí wọn kò tíì mọ ìwé kà, wọ́n bi wọ́n léèrè èwo nínú àwọn ọ̀rọ̀ kan ni ìró rẹ̀ kò bá ti ìyókù mu, wọ́n sì ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn fún ọdún bíi mélòó kan. Àwọn tí etí wọn kò tètè mú ìyàtọ̀ ìró ni ìwé kíkà nira fún nígbà tó yá. Wọ́n wá fi ìró kọ́ díẹ̀ lára àwọn ọmọ náà. Àwọn tí wọ́n fi ìró kọ́, tí wọ́n tún fi lẹ́tà oníke hàn bí ìró kọ̀ọ̀kan ṣe bá lẹ́tà rẹ̀ rìn, ló tẹ̀ síwájú jù lọ. Ohun tó ń ṣe ọmọ ti hàn níbẹ̀, ohun tí yóò ràn án lọ́wọ́ náà sì ti hàn.

Níbi tí ìró ọ̀rọ̀ àti lẹ́tà ti ń pàdé nínú ọpọlọ ni wàhálà wà. Ọmọ gbọ́ "bàtà", ó mọ bàtà, ó wọ bàtà wá sí ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kó fọ́ ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́ nínú orí rẹ̀, kó sì fi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń rẹ̀ ẹ́. Nítorí pé ó ń tú lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó tó dé ìparí gbólóhùn, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ á ti jò tán lọ́wọ́ rẹ̀ bí omi inú agbè jíjò. Pé ó ń da b pọ̀ mọ́ d kò fi hàn pé ojú rẹ̀ ń tàn án. Ọmọ tí kò ní ìṣòro kankan náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Ó kàn pẹ́ kí tọmọ yìí tó tán ni.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ wá kan èdè. Ní 2003, Philip Seymour àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi èdè 13 ní Yúróòpù wé ara wọn, wọ́n wo bí àwọn ọmọ ṣe ń kàwé ní ìparí ọdún àkọ́kọ́. Ní ilẹ̀ bíi Finland, Ítálì àti Gíríìsì, ọmọ ń ka ohun tó lé ní 90 nínú ọ̀rọ̀ 100 bó ṣe tọ́. Àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ìwé ní Scotland kò ka ju nǹkan bí 34 lọ. Àwọn ọmọ Scotland kò gọ̀ ju ti Finland lọ. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì 26 ni, ìró rẹ̀ sì lé ní 40. Lẹ́tà kan ń jẹ́ orúkọ mẹ́ta, ìró kan ń wọ aṣọ mẹ́fà. Ní 2001 ni Eraldo Paulesu àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wo ọpọlọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ní dyslexia ní Ítálì, Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibì kan náà nínú ọpọlọ ni iṣẹ́ kò ti lọ dáadáa nínú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n àwọn ará Ítálì ka ìwé dára ju àwọn ìyókù lọ. Ohun kan náà ni wọ́n bí mọ́ wọn. Bí èdè ṣe ń kọ ara rẹ̀ sílẹ̀ ló sọ bí ẹrù náà ṣe wúwo tó.

Ibo ni Yorùbá wà nínú èyí? Ọ̀dọ̀ Finland àti Ítálì ló wà. Lẹ́tà 25, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn kì í yí ìró padà láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ọmọ tó bá ti mọ b, ó mọ̀ ọ́n níbi gbogbo. Àwọn ibi tó le kò pọ̀, ó sì yẹ kí olùkọ́ mọ̀ wọ́n: gb tó jẹ́ lẹ́tà méjì fún ìró kan; ẹ, ọ àti ṣ tí àmì abẹ́ wọn kéré lójú ọmọ; an àti ọn tó jẹ́ ìró kan náà, tó jẹ́ pé kọ́nsónáǹtì tó ṣáájú ló ń sọ èyí tí a máa kọ, tí a fi ń kọ "ìbọn" tí a sì ń kọ "iyán". Lẹ́yìn ìyẹn, àmì ohùn. Ìwé ìròyìn àti àtẹ̀jíṣẹ́ wa máa ń kọ̀wé láìfàmì sí i, àgbàlagbà sì lè fi òye gbé e. Ọmọ tó ní dyslexia kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá rí "igba" lásán, ó ní láti méfò bóyá igba owó ni, bóyá igbá ẹ̀mu, bóyá ìgbà òjò, tàbí igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Èrò tèmi ni pé ìwé kankan tí a bá fẹ́ fi lé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé lọ́wọ́, àmì gbọ́dọ̀ pé sí i lórí. Àwọn tó ń tẹ ìwé ọmọdé láìfàmì sí i nítorí pé ó ń gbà wọ́n lákòókò ń gbé wàhálà náà ka ọmọ lórí ni.

Ewu kan wà nínú èdè tó rọrùn kà, tí mo fẹ́ kí àwọn olùkọ́ wa fi sọ́kàn. Heinz Wimmer ṣe ìwádìí lórí àwọn ọmọ tó ní dyslexia tó ń ka Jámánì, èdè tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ tọ́ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ó rí i pé àṣìṣe wọn kò pọ̀. Ìfàsẹ́yìn wọn wà nínú pé kíkà wọn ń falẹ̀. Bí ọmọ Yorùbá bá ka ojú ewé kan láìṣìnà, tó sì gbà á ní ìlọ́po mẹ́ta àkókò tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lò, olùkọ́ tó ń ka àṣìṣe nìkan á ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Aago ló yẹ kó wò.

Nígbà tí mo bá ronú nípa ohun tí a gbé jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Ilé-Ifẹ̀ ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ní 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ nínú ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹlẹ̀. Kì í ṣe nítorí dyslexia ni wọ́n ṣe ṣe é, ṣùgbọ́n ọmọ tó ní dyslexia ni ìbá jèrè rẹ̀ jù. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ tún gba ìlànà pé kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ni fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìpinnu yìí dùn mí. Ọmọ tí etí rẹ̀ kò tètè mú ìró, èdè tí kò gbọ́ ní ilé, tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì dojú rú jù, ni a ní kó fi bẹ̀rẹ̀.

Kí ló wá ń ràn wọ́n lọ́wọ́? Samuel Orton, dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, àti Anna Gillingham tó jẹ́ olùkọ́, ló fìdí ọ̀nà kan múlẹ̀ láàárín 1925 sí 1940, tí ọ̀pọ̀ ètò òde òní ṣì ń tẹ̀ lé: kọ́ ọmọ ní ìró àti lẹ́tà ní tààrà, ní títò-tẹ̀léra, láìfi nǹkan kan sílẹ̀ fún un láti fọwọ́ ara rẹ̀ wá, má kọjá sí èkejì kí ti àkọ́kọ́ tó wọ̀ ọ́ lára, jẹ́ kí ojú, etí, ẹnu àti ọwọ́ jọ ṣiṣẹ́. Ìwádìí òde òní kò tíì fi hàn kedere pé fífi ọwọ́ kan nǹkan ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ohun tí ẹ̀rí rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ìró àti lẹ́tà tó lọ ní tààrà tó sì ní ètò, gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà lórí ìwé kíkà ṣe sọ ní 2000. Láti 2012 ni gbogbo ọmọ ọdún 5 sí 6 ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní England ti ń ṣe àyẹ̀wò kékeré kan lórí ìró àti lẹ́tà, kí wọ́n lè tètè rí ẹni tó ń ṣẹ́yìn.

Ní Yorùbá, irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò béèrè owó gọbọi. Olùkọ́ àti ọmọ mẹ́ta jókòó yí tábìlì ká, ìdérí ìgò mínírà wà níwájú kálukú. Olùkọ́ ní, "Bàtà." Ọmọ ti ìdérí méjì síwájú, bà, tà. "Bọ́ọ̀lù." Mẹ́ta. "Mú bà kúrò nínú bàtà, kí ló kù?" Èyí kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni lẹ́tà kan ṣoṣo, tí wọ́n ń fi ìka kọ sínú iyẹ̀pẹ̀ lórí tíréè, tí wọ́n sì ń pe ìró rẹ̀. Ọmọ tó mọ̀ pé "bí" ni orúkọ lẹ́tà náà lè máa wá "bí" nínú "bàbá" títí, nítorí náà ìró ló ń ṣáájú orúkọ. Bí wọ́n bá kọ́ b lónìí, d di ọ̀sẹ̀ mìíràn, kí méjèèjì má baà dàrú mọ́ ọn lójú. Ohùn ńkọ́? Ọwọ́ sílẹ̀, ọwọ́ láàárín, ọwọ́ sókè, dò, re, mí. Ibí yìí ni ojú ọmọ ti máa ń là, torí pé ohùn ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tó ti ń pe ìyá rẹ̀. Nígbà tó bá mọ a, b, d àti e, á rí gbólóhùn tó jẹ́ pé kò sí lẹ́tà àjèjì kankan nínú rẹ̀: "Bàbá Adé dé." Á kà á tán fúnra rẹ̀, láìméfò. Fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí kò ka gbólóhùn kan tán rí láyé rẹ̀, ọjọ́ ńlá ni.

Ẹnà tí àwọn ọmọdé ń fi bára wọn sọ̀rọ̀ kí àgbà má baà gbọ́, tí wọ́n ń ki ìró mìíràn bọ àárín sílébù kọ̀ọ̀kan, ìdárayá etí gidi ni. Kí àwọn olùkọ́ mú un wọ kíláàsì. Finland ní ti wọn ṣe eré orí kọ̀ǹpútà kan ní yunifásítì Jyväskylä, tí wọ́n ń pè ní GraphoGame, lẹ́yìn tí Heikki Lyytinen àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti tọ àwọn ọmọ tí òbí wọn ní dyslexia lẹ́yìn láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ìkókó. Wọ́n ti dán an wò lórí fóònù ní Zambia pẹ̀lú èdè Nyanja, èsì rẹ̀ sì dára jù níbi tí olùkọ́ àti ọmọ ti jọ ta eré náà. Ohun tí Nyanja ṣe, Yorùbá lè ṣe é.

Àwọn nǹkan kan wà tí òbí ń náwó lé lórí tí kò yẹ. Awò aláwọ̀ àti ike aláwọ̀ tí wọ́n ń tẹ́ sórí ìwé, àwọn ẹgbẹ́ dókítà ọmọdé àti dókítà ojú ní Amẹ́ríkà ti jọ sọ ọ́ ní 2009 pé ẹ̀rí kò sí fún wọn. Àwọn lẹ́tà tí wọ́n yà ní àrà ọ̀tọ̀ fún dyslexia náà kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan. Àlàfo tó fẹ̀ díẹ̀ láàárín lẹ́tà ló ran àwọn ọmọ Ítálì àti Faransé lọ́wọ́ nínú ìwádìí Marco Zorzi ní 2012, ọ̀fẹ́ sì ni ìyẹn. Ẹgba kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìró. Àdúrà dára, èmi náà ń gbà á, ṣùgbọ́n bí a bá fi gbogbo ọlidé gbé ọmọ lọ sórí òkè, ká tún wá ẹni tí yóò kọ́ ọ ní ìró àti lẹ́tà bí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé.

Àtakò kan wà tí mo fi ojú ńlá wò. Ní 2014, Julian Elliott àti Elena Grigorenko kọ ìwé kan tó sọ pé orúkọ náà, dyslexia, kò wúlò tó bí a ṣe rò: kò sí ìlà gbọọrọ tó ya ẹni tó ní in sọ́tọ̀ kúrò lára ẹlòmíràn tí ìwé kíkà nira fún, ọ̀nà ìrànwọ́ kan náà ni gbogbo wọn sì nílò. Fún àwa, ọ̀rọ̀ yìí gún régé ju ti àwọn ará London lọ. UNICEF àti Báǹkì Àgbáyé ti sọ ọ́ léraléra pé nínú ọmọ ọdún 10 mẹ́wàá ní Nàìjíríà, bíi méje ni kò lè ka gbólóhùn kékeré kó sì yé e. Dyslexia kọ́ ló ṣe gbogbo ìyẹn. Àìkọ́ni dáadáa ni. Báwo la ṣe fẹ́ mọ ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ yàtọ̀ láàárín ogunlọ́gọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ́? Kọ́ gbogbo kíláàsì ní ìró àti lẹ́tà dáadáa fún ọdún kan. Àwọn tó bá ṣì ń ṣẹ́yìn, kó wọn jọ ní mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀. Ẹni tí kò bá tún rìn lẹ́yìn ìyẹn ni àyẹ̀wò tòótọ́ tọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ ni ìrànwọ́ kò ní í dúró de orúkọ. Ibi tí èmi àti Elliott ti yapa ni yàrá ìdánwò, nítorí pé láìsí orúkọ, ilẹ̀kùn ibẹ̀ kì í ṣí.

Kí a tó dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ kan fún àwọn ènìyàn wa ní òkè òkun. Ní Peckham ní London àti níbòmíràn, bí ọmọ bá ń ṣẹ́yìn nínú ìwé, ẹnì kan á sọ fún òbí pé Yorùbá tí wọ́n ń sọ nílé ló ń dà á láàmú, òbí á sì pa Yorùbá tì. Èdè méjì kì í fa dyslexia. Ọmọ tó bá ní in yóò ní in nínú méjèèjì, kò sì sí ìdí láti gba ọ̀rọ̀ ìyá-àgbà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn òbí mìíràn ń bẹ̀rù kí wọ́n má lọ lẹ orúkọ mọ́ ọmọ wọn lára, wọ́n á ní kí ilé ẹ̀kọ́ má ṣe àyẹ̀wò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 2010 ka dyslexia tó le mọ́ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ gba ti ẹni rò nítorí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ lè gba àfikún àkókò tó tó 25 nínú 100 nínú ìdánwò, kí wákàtí méjì di méjì ààbọ̀. Wọ́n lè fún un ní ẹni tí yóò máa ka ìbéèrè tàbí ẹ̀rọ tí yóò kà á. Àwọn tó tilé lọ kàwé ní yunifásítì níbẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti wọn, ṣùgbọ́n yunifásítì fúnra rẹ̀ ní láti ṣètò fún wọn lábẹ́ òfin yìí. Ọ̀pọ̀ kò béèrè.

Nílé ní Nàìjíríà, akẹ́kọ̀ọ́ tó ti dé girama nílò ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà: kí ẹ̀kọ́ ìró máa lọ, kí ìmọ̀ sì má dúró dè é. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lákòókò jù ni nóòtì àdàkọ láti ojú pátákó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á dà á kọ láàárín 20 ìṣẹ́jú. Òun á wà níbẹ̀ títí wọ́n á fi pa pátákó rẹ́, èyí tó sì kọ kò ní ṣeé kà fún òun fúnra rẹ̀. Kí tíṣà yọ̀ǹda kó fi fóònù ya pátákó, tàbí kó gba ẹ̀dà nóòtì ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n má ṣe pè é dìde láti kàwé sókè láìjẹ́ pé ó fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda. Nínú bàólọ́jì, máàkì fún ohun tó mọ̀, kì í ṣe fún sípẹ́lì. Fóònù Android lásán lè ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì sí etí rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ tó bá gbọ́ ìwé ìtàn lórí fóònù, ó ti mọ ìtàn náà, kò sì jí i wò.

Nínú òfin, a kò sí ní ìhòòhò. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin àwọn ènìyàn tó ní àkànṣe ìpèníjà láti 2011. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí tirẹ̀ ní 2019. Nàìjíríà wọ inú àdéhùn Marrakesh ní 2017, èyí tó gbà pé kí wọ́n sọ ìwé di ohun gbígbọ́ fún afọ́jú àti fún ẹni tí ìpèníjà mìíràn kò jẹ́ kó lè kàwé, òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé tuntun wa sì tẹ̀ lé e. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ àkànṣe wà ní Ọ̀yọ́ láti 1977. JAMB dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 2017 tó ń ṣètò ìdánwò àwọn afọ́jú, iṣẹ́ gidi ni wọ́n sì ń ṣe. Ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́ hàn sí gbogbo ènìyàn. Ẹni tó ní dyslexia gbọ́dọ̀ mú ìwé ẹ̀rí wá, ẹni tó lè kọ ọ́ fún un kò sì pọ̀, owó wọn kò sì kéré. Ohun tí mo rọ JAMB, WAEC àti NECO láti ṣe ni pé kí wọ́n gba àkọsílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àti olùkọ́ àkànṣe kan bá jọ fọwọ́ sí i, tó sì fi hàn pé láti ọdún pípẹ́ ni ọmọ ti ń lo àfikún àkókò.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà ní kíláàsì kejì tàbí ìkẹta báyìí, ẹ má da ìwé iṣẹ́ rẹ̀ nù. Ẹ kó wọn pamọ́ ní sáà-sáà, kí déètì wà lórí wọn. Ẹ kọ lẹ́tà sí ilé ẹ̀kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ẹ sọ ohun tí ẹ rí nílé, ẹ béèrè fún àfikún àkókò nínú ìdánwò ìparí sáà, kí ẹ sì gba èsì wọn lákọsílẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú fáìlì kan náà.